Abẹ́rẹ́ Tó Lójú

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó ìdí maṣíìnì. Ọmọ yín Abẹ́rẹ́ ló ń kí yín o. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sí mi pé "ó ń sàn" bí ẹ ṣe máa ń kọ ọ́. Ó ti ń sàn láti ọdún tí mo ti kúrò nílé, kò sì tíì sàn tán. Ẹ sọ bó ṣe rí gan-an fún mi. Ṣé egbò yẹn ṣì ń ṣomi? Ṣé kò tíì ju bọ́tìnnì kóòtù lọ?

Ohun tó jẹ́ kí n béèrè ni pé ẹsẹ̀ tèmi náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìdúró niṣẹ́ mi níbí. Abẹ́ ilẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ni ilé ìfọṣọ wa wà, kò ní fèrèsé, ooru ẹ̀rọ sì ń fẹ́ sí wa lára láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni mò ń lọ̀. Bí mo bá lọ̀ ọ̀kan tán, òmíràn ti dé. Láti bí ọdún kan ni iṣan ti yọ lẹ́yìn orúnkún mi lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, wọ́n lọ́ pọ̀ bí ekòló. Ọrùn ẹsẹ̀ náà wá ń dúdú, ó sì ń yún mi. Mo rántí pé bí ti yín ṣe rí nìyẹn kó tó là.

Mo lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ṣe síkáànù fún mi. Dókítà bi mí bóyá ẹnì kan nínú ẹbí mi ní irú ẹ̀, mo sọ ti yín, ó ní kò ya òun lẹ́nu, pé ó máa ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn láti ọ̀dọ̀ òbí sọ́dọ̀ ọmọ. Wọ́n máa gún mi lábẹ́rẹ́ kan tí wọ́n á fi pa iṣan tó bàjẹ́ nínú ẹsẹ̀ náà. Mi ò ní sùn síbẹ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ara mi ni màá fi rìn lọ sílé.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ̀yin náà lọ ṣe síkáànù ẹsẹ̀ yín. Ẹ má sọ fún mi pé iṣẹ́ pọ̀.

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Kékeré. Bàtà tí wọ́n rán sí mi bá mi lẹ́sẹ̀ mu, òun ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ọmọ yín tó ń ronú yín,
Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹta

Abẹ́rẹ́ ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo yẹ ẹnu rẹ̀ wò dáadáa kí n tó ṣí i, ó jọ pé wọn ò tú u. Okùn pupa ni mo fi rán ẹnu tèmi yìí. Tó bá jẹ́ okùn dúdú lo bá, a jẹ́ pé ọwọ́ mìíràn ti kàn án. Má sì tún sọ fún mi pé kí n ra fóònù. Ẹni tó ní àbúrò lẹ́yìn ògiri kì í sọ̀rọ̀ sókè.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: síkáànù kí ni? Mo dàgbà o, ṣùgbọ́n mi ò tíì ya òmùgọ̀. Gbogbo obìnrin tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi tó ní òun ń ti ibi síkáànù bọ̀, oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo máa ń tú ìhà aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Tí oyún bá ni, sọ pé oyún ni. Ọmọ ta ni? Ṣé ó níṣẹ́ lọ́wọ́? Kí ni ẹsẹ̀ ṣe tó fi wá di ohun tí o fi ń bojú? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Tí kì í bá wá ṣe oyún, ìyẹn gan-an ló tún burú. O ní wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ pa iṣan rẹ. Ta ló rán wọn? Iṣan ni mo fi ń tẹ maṣíìnì, iṣan ni ọwọ́ mi fi ń di sísọ́ọ̀sì mú. Iṣan kan ṣoṣo ló fà lọ́rùn bàbá tó ń ta bọ́tìnnì fún mi, títí dòní ẹ̀gbẹ́ kan ló ń wò, tí o bá fẹ́ kí i, wàá yí lọ bá a lápá ibẹ̀. Ìwọ wá ń fi ẹnu ara rẹ sọ pé wọ́n fẹ́ pa odidi ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ tí o fi ń jẹun, o sì ń rẹ́rìn-ín pé o máa rìn lọ sílé. Ta ló sọ fún ọ pé ẹni tí wọ́n pa iṣan rẹ̀ ń rìn?

Èyí tó wá mú mi dìde lórí ìjókòó ni bàtà. Gbọ́ mi dáadáa: bọ́ ọ. Bọ́ ọ báyìí kí o tó ka ìyókù.

Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Nígbà tí èmi àti àbúrò mi pín ṣọ́ọ̀bù bàbá wa sí méjì, tí a mọ ògiri sí àárín, tí òun ń rán bàtà lápá ọ̀hún tí èmi ń rán aṣọ lápá ìhín, àárọ̀ ọjọ́ kejì gan-an ni mo fi ẹsẹ̀ lásán tẹ nǹkan funfun kan lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó lẹ̀ mọ́ mi látẹ́lẹsẹ̀. Kí ọdún tó yí po, ẹsẹ̀ yìí ti lanu. Òun náà ló sì ń yọrí sí mi lórí ògiri pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ ńkọ́?" Aṣeni-bá-ni-dárò! Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ìwọ wá wọ bàtà ọwọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ ń dúdú bíi tèmi, o wá ń bi mí ohun tó fà á.

Nítorí náà mi ò ní lọ sílé ìwòsàn kankan. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn bá dì, abẹ́rẹ́ dókítà kì í tú u. Ẹsẹ̀ mi ń sàn.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Okùn pupa ni mo bá. Ẹ kú ìṣọ́ra.

Mi ò lóyún o! Mo ka lẹ́tà yín níbi tá a ti ń sinmi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bi mí kí ló dé, mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Nígbà tí ẹ̀rín tán, inú bí mi. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi, bàbá mi. Ìgbà wo ni mo fi nǹkan pamọ́ fún yín tí ẹ ò rí i lójú mi?

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún náà ni lóòótọ́. Ohun tó bá wà lábẹ́ awọ ló ń wò. Wọ́n ní kí n dúró sórí àpótí kékeré kan, wọ́n pa iná yàrá kí àwòrán lè hàn, wọ́n fi nǹkan kan tó tutù tó ń yọ̀ pa ẹsẹ̀ mi, obìnrin tó ń ṣe é sì ń fi orí ẹ̀rọ rìn lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fún ẹsẹ̀ mi mọ́wọ́ nísàlẹ̀ orúnkún. Ẹ̀jẹ̀ sáré lọ sókè, mo rí i, búlúù ni ẹ̀rọ fi hàn. Ó jọ̀wọ́ ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kan náà yí padà, ó di pupa, ó ń wọ́ wálẹ̀. Ó ní, "Ṣé o rí i? Kò yẹ kó padà." Ó ní àwọn ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ wà nínú iṣan yẹn, pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ti gòkè kọjá, ilẹ̀kùn á tì lẹ́yìn rẹ̀. Tèmi ti yẹ̀, kò tì mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó padà sọ́kàn ń sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó sí ọrùn ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni awọ ti ń dúdú, ibẹ̀ náà ló sì ń là. Bàbá mi, ibi tí ti yín ti là gan-an ni.

Ọ̀rọ̀ iṣan yìí, èmi ni mi ò kọ ọ́ dáadáa, èdè wa náà sì lọ́wọ́ sí i. Iṣan là ń pe èyí tó ń gbé ọwọ́ àti ọrùn, iṣan náà là ń pe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Ti bàbá oníbọ́tìnnì kọ́ ni mò ń wí. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ni, ọ̀kan ṣoṣo nítòsí awọ, tó ti bàjẹ́. "Pa" tí mo kọ, kí wọ́n dí i ni. Oògùn náà máa ń hó bí ọṣẹ, wọ́n á gún un wọ inú iṣan, iṣan á lẹ̀ pọ̀. Mo mọ̀ pé ìbéèrè tó kàn lẹ́nu yín ni pé ibo ni ẹ̀jẹ̀ á wá gbà. Àwọn iṣan ńlá wà nínú lọ́hùn-ún tí wọ́n ṣì dára. Wọ́n ti kọ́kọ́ wò wọ́n kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́.

Ohun tó sì mú mi gbà ni pé wọn ò ní gún mi lójú dídì. Iṣan mìíràn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ kò jìnnà sí ibẹ̀. Tí oògùn bá ṣèèṣì wọ ìyẹn, ẹsẹ̀ lè kú. Torí náà, lójú ẹ̀rọ ni wọ́n á ti máa wo abẹ́rẹ́ bó ṣe ń wọlé, títí á fi dé ibi tó ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba aṣọ lọ́wọ́ mi bí iná bá lọ, tí ẹ máa ń ní abẹ́rẹ́ tí kò ríbi tó ń lọ, ìka ló ń gún, ẹ̀yin ló yẹ kó kọ́kọ́ yé.

Bàtà kò lẹ́ṣẹ̀. Kó tó dé ni ẹsẹ̀ ti ń yún mi, mi ò kàn fẹ́ da ọkàn yín rú ni. Nǹkan funfun yẹn sì ńkọ́, ṣé kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì tí ẹ fi ń làṣọ ni?

Ilé ìwòsàn ńlá tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, dókítà iṣan kan máa ń wá síbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Òun náà ń wo ojú síkáànù bó ṣe ń gúnni. Mo ti wádìí rẹ̀. Ẹ lọ, nítorí tèmi.

Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú àìkọ̀wé. Ojoojúmọ́ ni mò ń bi ẹni tó ń pín lẹ́tà nílé wa, ó ti wá ń sá fún mi.

Wọ́n ti gún mi. Mo dùbúlẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi lé nǹkan gíga, wọ́n pa iná. Mo rí abẹ́rẹ́ náà lójú ẹ̀rọ, tínrín, funfun. Nígbà tí oògùn wọlé, inú iṣan tó dúdú tẹ́lẹ̀ funfun lọ gbuurugbu. Ó ta mí díẹ̀. Wọ́n fi báńdéèjì dì mí, wọ́n ní kí n dìde kí n máa rìn kiri. Ibì kan ṣì le díẹ̀ lábẹ́ awọ, wọ́n ní á rọ̀. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́, mo sì ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró.

Ti yín ni kò jẹ́ kí n sùn. Ṣé ẹ ń bínú ni àbí ara ni kò yá? Bó bá jẹ́ ìbínú ni, ẹ kọ ìbínú náà ránṣẹ́, màá kà á.

Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún

Abẹ́rẹ́,

Lẹ́tà rẹ méjèèjì wà níwájú mi. Mo dúpẹ́ pé o ń rìn. Mo ń fi ìyẹn sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìwọ ló ní kí n kọ ìbínú ránṣẹ́, ó dáa. Nígbà tí mo lọ fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ, ta ni mo bá nídìí kàǹtà? Àbúrò mi ni. Ó ń gba lẹ́tà kan. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi di ọwọ́ rẹ mú lórí kálàmù nígbà tí o wà ní kékeré, mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ láti òkèèrè. Ìwọ lo kọ ọ́! Bó ṣe rí mi báyìí, ó ti í bọ àpò, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó jí nǹkan. Ṣòkòtò kan wà lára rẹ̀ tó ń gbálẹ̀, ìránkúràn, ẹni tó rán an kò wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbé ìwé tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ padà sílé, mo fà á ya.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. O wà níbẹ̀ yẹn, o mọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ ni dókítà ń wá síbí. Èmi tí mo ń gbé níbí kò mọ̀. Ta ló sọ fún ọ? Òun ni! Kí ló wá fẹ́ kí n lọ ṣe níbẹ̀? Kí wọ́n pa iná lé mi lórí, kí ẹnì kan tí mi ò mọ̀ máa gún mi, kí ó máa wo àwòrán? Ti ẹni tó ni ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ ń ṣe. Ohun tó bá wù ú ló máa fi hàn mí.

Ṣọ́ọ̀kì tí o wí, búlúù ni mò ń lò láti ìgbà tí mo ti kọ́ṣẹ́. Mo mọ ohun tí mo tẹ̀.

Jẹ́ kí n wá sọ èyí, torí mi ò ní ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún. Egbò náà kò tó bọ́tìnnì mọ́, àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé ló tó báyìí. Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ̀ ẹ́ fún mi ní kílíńíìkì pe ẹnìkejì rẹ̀ kó wá wò ó. Wọ́n lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo gbọ́ "egungun", mo sì gbọ́ "gé". Mo bi wọ́n, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, bàbá. Ẹ̀rù ń bà mí, Abẹ́rẹ́. Télọ̀ tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, kí ni yóò fi tẹ maṣíìnì?

Síbẹ̀, tí o ò bá sọ ohun tí ìwọ àti ọkùnrin yẹn ń sọ lẹ́yìn mi, mi ò ní lọ ibì kankan.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí n tó kọ èyí.

Lóòótọ́ ni, mò ń kọ̀wé sí Bàbá Kékeré. Ohun tí wọ́n sọ fún mi, wọ́n ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá ẹ̀yin, mo sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé télọ̀ tó bá ń sọ ìwọ̀n ìdí oníbàárà kiri, kò ní pẹ́ tí ebi á fi pa á. Ohun tí mo lè sọ ni pé kò sí ọ̀rọ̀ ibi yín nínú rẹ̀.

"Gé" tí ẹ gbọ́ yẹn, mo ti kà á ju bí mo ṣe lè kà lọ. Ọkùnrin kan wà níbi tí wọ́n ti ń di ẹsẹ̀ mi, ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ kan ni wọ́n ká sókè tí wọ́n fi pín-ìnnì há. Ojú yín ni mo rí lójú rẹ̀, mo jáde lọ sunkún. Mi ò fẹ́ wálé wá bá yín lórí kẹ̀kẹ́ arọ, bàbá mi. Mi ò ní òbí mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe àdéhùn. Ẹ lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ ní kí wọ́n yí ojú ẹ̀rọ sí yín, kí ẹ fi ojú ara yín wò ó. Ẹ ní kí wọ́n fún ẹsẹ̀ náà mọ́wọ́, kí wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ kò bá yí padà wálẹ̀, tó bá jẹ́ ọwọ́ ènìyàn lẹ rí níbẹ̀, mi ò tún ní dárúkọ Bàbá Kékeré sí yín létí mọ́ láyé mi, màá sì sọ bàtà wọn dà nù. Tótó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà lẹ lòwe: ìbínú kò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ti yín rí bẹ́ẹ̀ ní ti gidi.

Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹjọ

Abẹ́rẹ́ ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́,

Mo lọ. Má rò pé torí mo gbà ọ́ gbọ́ ni. Mo lọ kí n lè rí ẹ̀rí tí màá fi pa ọ́ lẹ́nu mọ́.

Àwọn aláboyún ló kún ibẹ̀. Ikùn lápá ọ̀tún, ikùn lápá òsì, èmi àgbàlagbà wá jókòó sáàárín. Ọ̀kan nínú wọn sún fún mi, ó ní, "Bàbá, ṣé ìyàwó yín ló wà nínú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni kí n sọ? Ọkùnrin kan ṣoṣo tó tún wà níbẹ̀ jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ó fi ìwé ìròyìn bojú, kò sì ṣí ojú ewé kankan láti ìgbà tí mo ti dé. Mo ń ṣọ́ ọ. Mo ní lọ́kàn mi pé, èyí náà ní ohun tó ń fi pamọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí, nọ́ọ̀sì pe orúkọ bàbá wa tí àwa méjèèjì ń jẹ́. Mo dìde. Ìwé ìròyìn náà dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ìwọ ni kí n bi. Ìyàwó mi ló wà nínú."

"Ìyàwó yín tá a jọ sin?"

Àwọn aláboyún yíjú sí wa. Nọ́ọ̀sì béèrè èwo nínú wa ni, a jọ ní "èmi ni." Ó ní ká wọlé pọ̀, ká má bàa mú kí ẹnì kan rọbí sórí bẹ́ǹṣì. Nínú lọ́hùn-ún, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ni dókítà. Ó ní ká ká ṣòkòtò wa sókè. Àbúrò mi kọ́kọ́ ká tirẹ̀, ṣòkòtò gbálẹ̀gbálẹ̀ yẹn. Báńdéèjì ló wà níbẹ̀, láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ìsàlẹ̀ orúnkún, ẹsẹ̀ òsì. Òórùn rẹ̀ kan mí nímú, mo mọ̀ ọ́n, òórùn tèmi ni.

Mo ní, "Láti ìgbà wo?"

Ó ní, "Ẹ̀ ń bi mí? Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a pín ṣọ́ọ̀bù ni mo tẹ nǹkan funfun tí ẹ fi sẹ́nu ọ̀nà mi."

"Tí ta ni fi sí?"

Mo pariwo débi pé dókítà fi nǹkan tó mú lọ́wọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe sí ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ tó ṣáájú?" A ní a mọ ògiri. Ó ní, "Kí ni bíríkìlà fi kùn ún?" Èmi wo àbúrò mi, àbúrò mi wo ilẹ̀. Ẹfun ni. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì la ní kó kùn, kí ẹnì kan má bàa ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Bíríkìlà yẹn, ọ̀bùn ni, kì í gbálẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́.

Síbẹ̀ mo ní kí wọ́n yí ojú ẹ̀rọ sí mi. Wọ́n pa iná. Ó fún ẹsẹ̀ mi mọ́wọ́, búlúù lọ sókè. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀, pupa wálẹ̀. Mo ní kó tún un ṣe. Mo ní kó ṣe ti àbúrò mi. Ohun kan náà ni, níbì kan náà, bí aṣọ méjì tí wọ́n gé lórí àpẹrẹ kan. Mo wá ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀, Abẹ́rẹ́. Mo wá a dáadáa, mi ò rí i.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gún wa. Kí n sọ tòótọ́ fún ọ, ọmọbìnrin yẹn mọ abẹ́rẹ́ í lò. Kò wo ẹsẹ̀ mi rárá, ojú ẹ̀rọ ló ń wò. Mo rí abẹ́rẹ́ tó wọlé, ó yà sápá kan díẹ̀, ó dúró, ó fà á padà, ó wá wọ àárín iṣan gẹ́lẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Èmi tí mo ti ń rán aṣọ láti kékeré, mo mí kanlẹ̀.

Ó ń dì mí lẹ́sẹ̀ ló béèrè pé nínú bàbá àti ìyá wa, ta ló ní irú ẹsẹ̀ yìí. Mo ti fẹ́ sọ pé kò sẹ́ni náà. Àbúrò mi ló sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ìyá wa kì í bọ́ ìbọ̀sẹ̀." Mo wá rántí. Nínú ooru, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ìbọ̀sẹ̀ nípọn nípọn, ẹsẹ̀ lórí àpótí. Àwa rò pé òtútù ló ń mú un. Kò sọ fún wa títí ó fi kú. Èmi àti àbúrò mi jókòó sínú òkùnkùn yẹn, kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnìkejì. Ṣọ́ọ̀bù bàbá wa la jà lé, a mọ ògiri sí i. Ogún tí ìyá wa pín fún wa dọ́gba, a ń bi ara wa ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ìwọ náà sì ti gba ìpín tìrẹ lọ sọ́nà jíjìn.

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ dìtẹ̀ mọ́ mi. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé o ti mọ̀ nípa ẹsẹ̀ òun láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, pé ìwọ lo ní kí òun máa lọ ní Ọjọ́bọ̀. Màá bá ọ jà nígbà tí o bá dé.

Egbò ti ń fúnra pọ̀, nọ́ọ̀sì kílíńíìkì kò sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ mọ́. Ti àbúrò mi ń yá gbẹ ju tèmi lọ. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gún wa o. Mi ò sọ pé wọ́n fún un ní oògùn tó dára jù, mo kàn ń wò wọ́n ni.

Báńdéèjì la gbọ́dọ̀ máa dì láràárọ̀, láti ọmọ ìka lọ sókè, kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀. Mi ò lè tẹ̀ dé ẹsẹ̀ ara mi mọ́, òun náà kò lè tẹ̀. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ lè rìn, torí náà òun ló ń wá. Á fi èyí tí a dì lánàá rìn wá, á di tèmi, èmi náà á sì tún tirẹ̀ dì. Ó máa ń fà á le jù, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ni. Bí mo bá ní kó rọra, á ní dókítà ló ní kó le.

Láàárọ̀ àná, òjò ńlá rọ̀, àbúrò mi kò tètè dé. Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ mi lókè, mò ń tẹ́tí sí ìta. Mo rò ó pé bóyá inú tún ti bí i, bóyá mo sọ nǹkan kan lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ̀rù bà mí ju ti ọjọ́ tí mo gbọ́ "gé" lọ. Nígbà tó wọlé, omi ń kán lára rẹ̀, ó ń bú òjò. Mo bú òun náà, mo sì na ẹsẹ̀ sí i.

Èmi ni, bàbá rẹ tí egbò ń yún, wọ́n ní yíyún dáa